Bí ẹ ṣe lè gba kíndìnrín yín sílẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ tó kú

Tí wọ́n bá ní kíndìnrín ẹnì kan ti daṣẹ́ sílẹ̀, ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ ni àìsàn ọlọ́dún gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, nǹkan báwọ̀nyẹn. Ìyẹn wà lóòótọ́. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ ká sọ lónìí ò ní sùúrù ọdún kankan o, ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó tó di Tọ́sìdè ẹni náà ò tọ̀ mọ́, ẹni tó ń tajà ẹ̀ jẹ́jẹ́ ní ọjà Òkè-Ajé lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ohunkóhun ò ṣe é. Àwọn dókítà ń pè é ní acute kidney injury, ìyẹn kí kíndìnrín ṣèṣe lójijì, AKI ni wọ́n máa ń kọ sínú fáìlì, AKI náà ni màá máa pè é.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ ni pé AKI yìí, a lè dá a lọ́wọ́ kọ́. Sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín, ìyẹn àwọn ẹyọ wínníwínní tó para pọ̀ di kíndìnrín, kì í ṣàdédé kú. Ìnira ló kọ́kọ́ máa ń bá a, á máa jà, á máa tún ara ẹ̀ ṣe, ìgbà tí ìnira yẹn ò bá wá dáwọ́ dúró ló tó máa kú. Àárín ìnira àti ikú yẹn ni àyè tá a ní, wákàtí díẹ̀ ni nígbà míì, ọjọ́ kan sí méjì nígbà míì, gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, inú àyè yẹn ló ti wúlò jù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún

Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ò ju ìkúùkù lọ, àmọ́ nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, nǹkan bíi ìdá kan nínú márùn-ún ló ń gba ọ̀dọ̀ méjèèjì kọjá. Wọ́n á sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 omi jáde lára ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, wọ́n á wá dá èyí tó pọ̀ jù padà, lítà kan sí méjì péré ló máa kù tá a máa tọ̀ dànù. Ẹ ò rí i pé sísẹ́ yẹn gan-an kọ́ niṣẹ́ tó le jù, dídá padà yẹn ni. Inú àwọn páìpù tín-ín-rín kan ni wọ́n ti ń ṣe é, kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní tó mílíọ̀nù kan nínú wọn, sẹ́ẹ̀lì tó wà lára ògiri páìpù yẹn ló ń fa iyọ̀ àti ṣúgà àti omi padà lọ́sàn-án lóru. Agbára tí wọ́n ń lò ò kéré, ìdí nìyẹn tí mitochondria tó ń ṣe agbára fún sẹ́ẹ̀lì fi kún inú wọn fọ́fọ́. Ibi tó wá burú sí ni pé apá ibì kan nínú àwọn páìpù yìí wà nísàlẹ̀ inú kíndìnrín níbi tí ọ́síjìn ò ti pọ̀ rárá, kódà lára ẹni tí ara ẹ̀ le koko. Iṣẹ́ ńlá, oúnjẹ kékeré. Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń kọ́kọ́ bẹ́.

Tí èèyàn bá wá yàgbẹ́ gbuuru tó sì bì títí omi fi tán lára ẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dà jù lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ á dín kù, mitochondria ò ní lè ṣe agbára tó mọ́, ohun tó ń ti iyọ̀ jáde nínú sẹ́ẹ̀lì á dẹṣẹ́, iyọ̀ á máa pọ̀ nínú ẹ̀, omi á tẹ̀ lé iyọ̀ wọlé, sẹ́ẹ̀lì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wú bíi gààrí tí wọ́n bomi lé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá tètè padà síbẹ̀, á sọ̀, á padà sípò. Tí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ kó tó padà, á bẹ́.

Ó tún wá ju ìyẹn lọ. Ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà kú ò jẹ́ ẹyọ kan, èyí ló sì máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé jẹ́ẹ́jẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì máa ń ká ara ẹ̀ kò, á gé ara ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á gbé e mì, kò ní sí ariwo kankan. Apoptosis lorúkọ tí Kerr, Wyllie àti Currie fún ìyẹn lọ́dún 1972. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ ló máa ń lu ihò sára awọ ẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á dà síta, necroptosis nìyẹn. Èyí tí wọ́n wá fún lórúkọ lọ́dún 2012, ferroptosis, iron ló ń fà á, irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa náà ni, á máa ba ọ̀rá tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́ títí awọ yẹn fi máa já, ó sì lè ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó máa lọ bẹ́ẹ̀ látorí sẹ́ẹ̀lì kan dé òmíì gba gbogbo ara páìpù yẹn.

Tí sẹ́ẹ̀lì bá ti bẹ́ báyìí, ohun méjì ló ń tẹ̀ lé e. Pàǹtírí tó já sílẹ̀ á dí páìpù, ìtọ̀ ò ní rọ́nà gbà. Ohun tó dà síta á sì pe àwọn ọmọ ogun ara wa wá, àwọn ìyẹn dé tán wọn ò ní mọ èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tó ṣì ń mí, wọ́n á máa bá gbogbo ẹ̀ jà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn torí òun ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn, gbuuru ti dá lọ́jọ́ Wẹ́sìdè, gbogbo ilé ti ń dúpẹ́, lọ́jọ́ Fúráídè ni oúnjẹ ò wọnú ẹ̀ mọ́, ni èébì tún bẹ̀rẹ̀, ni ìtọ̀ ò wá mọ́. Gbuuru dá, ikú sẹ́ẹ̀lì ò tíì dá.

Ìròyìn ayọ̀ inú ẹ̀ ni pé àwọn tí ò kú lè tún ibẹ̀ kọ́. Wọ́n á tẹ́ ara wọn pẹrẹsẹ bo ibi tó ṣófo, wọ́n á pín ara wọn sí méjì méjì, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan páìpù lè padà sípò. Sẹ́ẹ̀lì tún mọ bó ṣe ń jẹ ẹ̀yà ara ẹ̀ tó ti bàjẹ́ kó lè fi rówó gbọ́ bùkátà, autophagy ni wọ́n ń pè é, òun ni Yoshinori Ohsumi ará Japan ṣe àwárí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2016. Àmọ́ tí ìyà bá pọ̀ jù tàbí tó bá ń padà wá léraléra, àtúnkọ́ yẹn á wọ́, àpá á dípò sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni AKI ti ń di àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Àwọn wo ló yẹ kó ṣọ́ra jù

Àgbàlagbà, aboyún àti ìyálọ́mọ tuntun, ọmọ kékeré, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti ní àpá tẹ́lẹ̀. Ẹ fi bàbá tí prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ń yọ lẹ́nu kún un, ìyẹn lè kún fún ìtọ̀ kó má sì rí i tọ̀, ìtọ̀ tó há yẹn á padà máa ti kíndìnrín láti ẹ̀yìn. Rọ́bà lásán tí nọ́ọ̀sì máa ki bọ̀ ọ́ lè yanjú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí náà kí bàbá má tijú.

Ẹni tí nǹkan wúwo tẹ̀ mọ́lẹ̀ náà, ẹni tí mọ́tò há mọ́ lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tàbí ẹni tí wọ́n lù bí ẹni máa kú. Iṣan tó fọ́ lára wọn máa ń tú èròjà pupa kan tí irin wà nínú ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà yẹn á lọ máa pa sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín. Lọ́dún 1941, lásìkò tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí London, ni Bywaters àti Beall kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tí wọ́n yọ láàyè lábẹ́ ilé tó wó ń kú ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, kíndìnrín ló ń pa wọ́n. Torí náà tí wọ́n bá gbé ẹni tó há bẹ́ẹ̀ dé ilé, tó ní kò sẹ́jẹ̀, kò séegun tó kán, ẹ wo ìtọ̀ ẹ̀. Tó bá pọ́n kọjá bó ṣe yẹ tàbí tó dúdú, ilé ìwòsàn ló ń lọ yẹn o.

Ibà tó le náà lè tú ẹ̀jẹ̀ ká débi pé ìtọ̀ á dúdú. Ẹ má fi agbo lé e, ẹ má fi oògùn ibà tí ọ̀rẹ́ fún yín lé e.

Ẹ kọ́kọ́ gba oògùn kúrò lọ́nà

Ibí ni mo ti fẹ́ jókòó dáadáa, torí ibí ni ọwọ́ wa wà jù.

Ẹ lọ dúró níwájú kẹ́mísì kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà ní Sábó, Ṣágámù. Alábàárù kan á dé, á nu òógùn ojú, á ní, “Àǹtí, ẹ bá mi po ara ríro, ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.” Àǹtí á bi í, “Ẹ ti jẹun?” “Mo ti jẹun jàre, ẹ fi èyí tó le sí i.” Àǹtí á ṣí ike mẹ́ta, kò sí orúkọ lára èyíkéyìí, á da funfun méjì sínú ìdérí ike, á da aláwọ̀ òféèfèé méjì sí i, á mú kápúsù kan lé e, á kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, á ta á ní kókó. Ó parí. Kò sẹ́ni tó béèrè pé látàárọ̀ tẹ́ ẹ ti ń ru ẹrù nínú oòrùn, omi mélòó lẹ ti mu? Mi ò sì bá Àǹtí yẹn jà o, ohun tí wọ́n ní kó tà ló tà.

Nínú ọ̀rá yẹn, ó ṣeé ṣe kí ibuprofen tàbí diclofenac wà níbẹ̀, kí piroxicam tún wà níbẹ̀, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n ń dènà èròjà kan tó ń jẹ́ prostaglandin. Èròjà yìí ló ń fa ara ríro, àmọ́ òun náà ló ń ṣí ẹnu iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ kíndìnrín nígbà tí omi bá dín lára. Ẹni tó mu omi dáadáa tó lo ibuprofen kan lè má mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹni tí òùngbẹ ti gbẹ lẹ́nu látàárọ̀, èròjà yẹn nìkan ló kù tí kíndìnrín ẹ̀ gbára lé, ẹ wá fi oògùn méjì dènà ẹ̀ pọ̀.

Torí náà, tí ẹ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tẹ́ ẹ bá ń bì, tí ibà bá mú yín tẹ́ ò rí omi mu, ẹ jìnnà sí ẹbí ibuprofen yìí pátápátá. Paracetamol ni kẹ́ ẹ lò, àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ kọjá hóró 500 mẹ́jọ láàárín wákàtí 24, kẹ́ ẹ sì ka gbogbo ibi tó ti ń wọlé o, torí paracetamol wà nínú oògùn ọ̀fìnkìn náà. Tẹ́ ẹ bá sì ń ra oògùn ara ríro ní kẹ́mísì, ẹ ní kí wọ́n fún yín nínú páálí ẹ̀ tí orúkọ wà lára ẹ̀. Èyí tí wọ́n pò, ẹ dá a padà.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bíi lisinopril tàbí ramipril, tó tún ń lo èyí tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀, oògùn dáadáa ni o, ẹ má dá a dúró lójijì. Àmọ́ lọ́jọ́ tí gbuuru tàbí èébì bá mú yín, ẹ pe dókítà yín, ẹ bi í bóyá kẹ́ ẹ fò ó fún ọjọ́ méjì títí ẹ fi máa padà jẹun. Ẹ bi í nípa metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, náà tó bá wà lọ́wọ́ yín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril, oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀, pẹ̀lú oògùn ara ríro bíi ibuprofen, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára ẹni tí omi ti gbẹ, ẹ̀mí kíndìnrín ló kù díẹ̀ yẹn.

Abẹ́rẹ́ gentamicin, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Oògùn tó lágbára ni, ó ń gba ẹ̀mí là nílé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń wọn kíló, tí wọ́n ń ṣọ́ kíndìnrín. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì páìpù tá a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn fúnra wọn ló máa ń fà á wọlé, á máa kó jọ nínú wọn, á máa fọ́ wọn láti inú, ó sì máa ń tó ọjọ́ márùn-ún sí méje kó tó hàn. Àdánwò tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni náà lè máa tọ̀ dáadáa síbẹ̀. Torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù fún yín ní genta ọlọ́jọ́ márùn-ún fún “ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀”, ohun tí kò tiẹ̀ sí.

Agbo wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé mo ti fọwọ́ kan ibi tó ń dun àwa ará Ìjẹ̀bú báyìí. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa bá ìyá alágbo jà, ìyá mi náà ń se é. Ohun tí mo ń wí ni pé a ò mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ife kan, èyí tí wọ́n rẹ sínú ọ̀gógóró tún ń gbẹ omi ara, egbò igi míì ń pa sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín tààrà. Ọjọ́ tí ara ò bá ti yá, tẹ́ ẹ ń bì, tẹ́ ẹ ń yàgbẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ òótọ́, ẹ má ní “rárá o dókítà, mi ò lo nǹkan kan,” kí fíláàsì agbo máa yọrí nínú báàgì yín.

Oògùn olómi ọmọdé náà ńkọ́. Láàárín ọdún 2008 sí 2009 ní Nàìjíríà yìí, ọmọ 84 ló kú torí oògùn eyín kan tí èròjà olóró tó ń jẹ́ diethylene glycol wọ inú ẹ̀, lọ́dún 2022 nǹkan bíi ọmọ 70 kú ní Gambia torí oògùn ikọ́, èròjà kan náà. Inú sẹ́ẹ̀lì páìpù náà ló ń lọ bà jẹ́. Tí ọmọ bá lo oògùn olómi kan tí ìtọ̀ ẹ̀ wá dáwọ́ dúró, tí páḿpásì gbẹ láàárọ̀ tó tún gbẹ lálẹ́, ẹ gbé ọmọ, ẹ gbé ìgò oògùn náà dání, ẹ máa lọ.

Omi, àmọ́ kì í ṣe omi ṣákálá

Tí gbuuru bá mú èèyàn, omi nìkan ò tó, iyọ̀ ti bá a lọ. Ẹ ra ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Tí kò bá sí, ẹ ja píọ̀ wọ́tà 50cl méjì sínú jọ́ọ̀gì tó mọ́, lítà kan nìyẹn, ẹ wá fi ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí ò ga lórí sí i, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ rò ó, ẹ tọ́ ọ wò, kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ẹ má fi iyọ̀ kún un torí ẹ rò pé á tètè ṣiṣẹ́, iyọ̀ tó pọ̀ á tún ba nǹkan jẹ́ sí i. Ẹ máa mu ún díẹ̀ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá bì í, ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Tí omi gbuuru bá dà bí omi ìrẹsì, ẹ má jókòó sílé ka ṣíbí, onígbáméjì nìyẹn, dríìpù ló nílò.

Ẹ jẹ́ n ya díẹ̀ sí Òjúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á yọ, aṣọ òkè lórí sányán, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, ẹsẹ̀ ò kúrò nílẹ̀ látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ohun tó ń wọlé sí ọ̀nà ọ̀fun ò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ omi, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ara á máa ro, ọwọ́ á lọ síbi ọ̀rá ara ríro. Ẹ dákun, lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi omi síwájú. Ẹ tún wo ìtọ̀ yín, tó bá ṣì pọ́n tó sì kéré, ẹ mu omi sí i, ẹ má tíì fọwọ́ kan diclofenac.

Nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ṣe ni èyí: omi wà fún ẹni tó ṣì ń tọ̀. Ẹni tí kò tọ̀ mọ́, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti ń wú tàbí tí kò lè mí dáadáa tó bá sùn sílẹ̀, ẹ má fi agídí rọ lítà mẹ́ta sí i lẹ́nu torí ẹ fẹ́ “fọ kíndìnrín,” ẹ̀dọ̀fóró ni omi yẹn máa lọ. Ẹ má sì fún un lómi àgbọn. Omi àgbọn ní èròjà kan tó ń jẹ́ potassium lọ́pọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn náà ní in, kíndìnrín ló ń gbé e jáde, tí kíndìnrín ò bá wá ṣiṣẹ́, potassium á kó jọ títí á fi dá ọkàn dúró.

Bẹ́ ẹ ṣe lè wọn ìtọ̀ nílé

Èyí ni irinṣẹ́ tó dín owó jù lọ, kò sì sẹ́ni tó ń lò ó. Ẹ mú ike omi 50cl tó ti ṣófo, ẹ gé ẹnu ẹ̀ kó fẹ̀. Ẹ wá ohun tẹ́ ẹ lè fi wọn omi, síríǹjì kẹ́mísì náà dáa, ẹ da mílílítà 100 sí i, ẹ fi máákà fa ìlà, 200, ẹ fa ìlà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹni tí ara ẹ̀ ò yá máa tọ̀ sínú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kẹ́nì kan nínú ilé máa kọ aago àti iye sílẹ̀.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ kíndìnrín gbà lágbàáyé láti ọdún 2012 ni pé tí ìtọ̀ ò bá tó ìdajì mílílítà fún kíló kan láàárín wákàtí kan, tó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà, AKI ti bẹ̀rẹ̀. Tá a bá ṣírò ẹ̀ fún ẹni 60 kíló, 30 fún wákàtí kan, 180 fún wákàtí mẹ́fà. Ìyẹn ni pé tí aago mẹ́fà àárọ̀ bá fi di aago méjìlá ọ̀sán tí gbogbo ìtọ̀ ẹ̀ ò dé ìlà 200 lára ike yẹn, tẹ́ ẹ sì ti ń fún un lómi, ẹ má dúró de ìrọ̀lẹ́.

Ẹ má sì dúró de kí ojú tàbí ẹsẹ̀ wú. Ìwú máa ń pẹ́ kó tó dé.

Tẹ́ ẹ bá délé ìwòsàn

Ṣágámù ni OOUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì Olabisi Onabanjo, wà, Ìlíṣàn ni ti Babcock wà, ilé ìwòsàn ìjọba náà wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èyí tó bá sún mọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ má torí ẹ fẹ́ lọ síbi tó tóbi kẹ́ ẹ fi wákàtí mẹ́rin há sínú go-slow láì tíì rí dríìpù kan. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú ọ̀rá kan, àti agbo, àti ìwé tẹ́ ẹ kọ ìtọ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá dé tábìlì, ẹ má sọ pé “ara ẹ̀ ò yá” lásán, ẹ sọ pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìtọ̀ ẹ̀ ti dín kù láti àárọ̀, ó ti yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ méjì, ó sì lo àwọn oògùn yìí.” Gbólóhùn yẹn á sáré ju yín lọ.

Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ fún creatinine àti potassium, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n lè fi scan kún un láti mọ̀ bóyá nǹkan dí ọ̀nà. Creatinine ni ìdọ̀tí tó ń jáde látara iṣan, kíndìnrín ló ń gbé e dànù. Ohun tí wọn kì í sábà ṣàlàyé fáwọn ará ilé rèé: creatinine kì í yára gòkè. Sẹ́ẹ̀lì lè ti máa kú láti àná kí ìwé lónìí ṣì ní “normal,” torí ìdọ̀tí yẹn ò tíì rí àyè kó jọ. Torí náà tí wọ́n bá ní ó dáa, tí ìtọ̀ sì kéré síbẹ̀, ẹ rọra béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa tún un ṣe. Tó bá fi 0.3 mg/dl gòkè láàárín wákàtí 48, tàbí tó di ìlọ́po kan àbọ̀ iye tó wà tẹ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, AKI ni. Tó bá jẹ́ µmol/l ni lábù yín ń lò, 0.3 yẹn jẹ́ 26.5. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ torí mo ti rí àwọn ará ilé tó ń fi ìwé lábù kan wé òmíì tí wọn ò wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà.

Títí di báyìí, kò sí hóró oògùn kan tí dókítà máa fún yín tó máa dá ikú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín dúró. Wọ́n ń wá a, ọ̀pọ̀ ohun tó ṣiṣẹ́ lára eku ni kò ṣiṣẹ́ lára èèyàn. Ohun tí ilé ìwòsàn ń ṣe ni pé wọ́n á mú ìnira kúrò, wọ́n á dá omi àti ẹ̀jẹ̀ padà, wọ́n á pa kòkòrò, wọ́n á ṣí ohun tó dí, wọ́n á yọwọ́ oògùn burúkú, wọ́n á wá fún sẹ́ẹ̀lì tó kù láyè. Torí náà ẹni tó ń ta “fọ kíndìnrín” nínú ìgò ní gáréèjì, tó ń pariwo lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohun táwọn onímọ̀ gbogbo àgbáyé ṣì ń wá ló ní òun ti rí yẹn.

Dialysis wá ńkọ́, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sá fún un, wọ́n á ní téèyàn bá ti débẹ̀ kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ti àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n fi ń wé e. Nínú AKI, ẹ̀rọ yẹn kàn ń dúró gba iṣẹ́ ṣe ni títí páìpù fi máa tún ara ẹ̀ kọ́, ọ̀pọ̀ ló sì ń kúrò lórí ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ Willem Kolff gbà là ní Netherlands lọ́dún 1945, obìnrin ẹni ọdún 67 ni, AKI ló ṣe é, ó sì padà sílé. Tí dókítà bá ní potassium ti ga jù, tàbí omi ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í ṣe àsìkò tẹ́ ẹ máa ní kẹ́ ẹ lọ bi mọ̀lẹ́bí ní Ìkòròdú wò nìyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dá yín sílẹ̀

Ìtọ̀ lè wá pọ̀ gan-an fún ọjọ́ mélòó kan nígbà tí páìpù bá ń padà sípò, omi àti iyọ̀ sì lè máa bá a lọ, ẹ tẹ̀ lé iye omi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mu. Ẹbí ibuprofen ò gbọ́dọ̀ tún wọnú ilé yẹn láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ ṣe creatinine, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò bóyá protein wà nínú ẹ̀, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kódà tó bá ń ṣe yín bíi pé ara yín ti le pátápátá, torí àpá inú kíndìnrín kì í dunni. Ẹ ya fọ́tò ìwé creatinine tí wọ́n kọ fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kúrò nílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín kan lórí WhatsApp pẹ̀lú, nọ́ńbà yẹn ni dókítà tó bá rí yín lẹ́yìn ọ̀la máa kọ́kọ́ béèrè.